Ọkùnrin Tó Ń Kọ Ebè Bàbá Wa

Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lájídé ni mo ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Mo ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì ní Iffe, ìlú wa ní ilẹ̀ Ìjùmú, àti àwọn ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, mo ti fẹ̀yìntì, iṣu ni mò ń gbìn báyìí. Ó yẹ kí n máa sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọnù, tí ìyá rẹ̀ sì wà láàyè, níbo ló ti fẹ́ rí ìsinmi?

Ọlọ́runlékè ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Ó lọ sí Kàdúná lọ wa tírélà, ó ń kọ lẹ́tà sílé déédéé, àfi ìgbà tó di ọdún 1993 tí lẹ́tà dúró. Bàbá wa wá a títí ó fi kú. Bí a ti sin Bàbá tán ni Màmá gbé ìwákiri náà lé mi lórí, kò bi mí bóyá ọrùn mi á gbà á. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti ní àwọn rí ọkùnrin kan tí a kò mọ ilé rẹ̀, èmi ni Màmá ń rán. Mo ti dé Kàdúná, mo ti dé Mínà, ti Lọ́kọ́ja kò ṣeé kà mọ́. Mo ti wọ ilé ìtọ́jú òkú mẹ́ta, mo wo ojú òkú olókùú. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n oríṣiríṣi, mo dárúkọ Ọlọ́runlékè, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Tí mo bá padà délé, Màmá á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ṣé òun ni?" Màá ní òun kọ́. Á ní kí n lọ jẹun.

Wọ́n máa ń sọ pé "ọmọ mi kú" sàn ju "ọmọ mi nù" lọ. Mo máa ń rò pé àwọn tó ń pa á lówe kò mọ bó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Màmá, tí orúkọ ìjọ rẹ̀ ń jẹ́ Rachel, ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ohùn ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń bi Ọlọ́run ni ibi tí Lékè wà, ó sì ti sọ fún pásítọ̀ níwájú mi pé òun ò ní kú kí òun tó mọ̀ ọ́n. Èmi náà fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó parí ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ìwákiri rẹ̀ ti sú mi ju bí mo ṣe lè sọ lójú Màmá lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ebè ilé wa. Ìdí òkè ni oko wa wà, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí òjò bá rọ̀, omi á sáré láti òkè wá, á sì fọ ebè lọ. Nítorí náà Bàbá kì í kọ ebè ní ìlà gbọọrọ bíi ti àwọn yòókù. Ebè ìlà kejì ló fi máa ń dí àlàfo ìlà àkọ́kọ́, kí omi má baà ríbi gbà tààrà. Tó bá sì kọ ebè kan tán, á fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a ní ìhà òkè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó ṣe kọ́ Lékè nìyẹn, bó ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Àwọn ará oko tó yí wa ká máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ebè wa rí ségesège bí eyín ọmọdé, ṣùgbọ́n tí òjò ńlá bá rọ̀, ebè tiwọn là ń bá nísàlẹ̀ odò.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Testimony wá ra iṣu gbígbìn lọ́wọ́ mi. Ọmọ Òkè-Bùkún ni, ó fẹ́ ọkọ sí Ìkòyí tiwa ní Ìjùmú níbí, iṣẹ́ wọ́dà ló ń ṣe ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí kò jìn sí wa púpọ̀. N kò ní dárúkọ ọgbà náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kò ṣẹ̀ mí, ìwé tó ti bàjẹ́ ni wọ́n jogún. Testimony ló ń bójú tó oko tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń dá. Ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, "Okun o, Bàbá," mo ní okun, lẹ́yìn náà ló kàn dúró, ó ń wo ebè mi, kò wo iṣu tó wá rà. Ó ní ta ló kọ wọ́n. Mo ní èmi ni. Ó wá sọ fún mi pé bàbá arúgbó kan wà lóko àwọn tó ń kọ ebè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló sì ti ń kọ ọ́. Ó pẹ́ tó ti ń ya òun lẹ́nu, nítorí kò sí omi kankan tó ń ṣàn níbẹ̀ tí ènìyàn ń sá fún.

Mo jókòó sórí poro. Mo ní kí ló ń jẹ́. Testimony ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn mìíràn wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ibòmíràn, òjò sì ti jò sórí fáìlì rẹ̀ débi pé lẹ́tà kan ṣoṣo kò hàn nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe, kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n dá fún un. Wọ́n bi í léèrè títí, kò fọhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ á dúró sẹ́yìn àwọn tó ń kírun, lọ́jọ́ Ìsinmi á jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń kọrin. "Ẹni tí a kò mọ̀" ni wọ́n kọ sínú ìwé, Bàbá Odi ni wọ́n sì ń pè é lẹ́nu. Ó ní adájọ́ kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ti pẹ́ jù wò. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá dúró fún á lọ sílé. Ẹni tí kò bá lẹ́bí á padà sínú ọgbà.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ. Ọ̀gá wọn kò tíì fọwọ́ sí i kí n bá a sọ̀rọ̀, nítorí náà Testimony mú mi dúró lábẹ́ igi òrí kan létí oko, mo sì ń wò ó láti òkèèrè. Lékè ga, ṣùgbọ́n èyí ti tẹ̀, ènìyàn kò lè mọ bó ṣe ga tó tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lè sọ ojú kójú di ojú mìíràn. Ó kó ilẹ̀ jọ, ó gbé e ró, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọwọ́ Bàbá mi ni mo rí yẹn. Mo sunkún bí ọmọdé lábẹ́ igi yẹn, ojú kò tì mí.

Tíṣà ni mí. Mo ti na ọmọ púpọ̀ nítorí pé wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán. Ohun tí èmi náà lọ ṣe nìyẹn. Mo délé, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé òun ni?" Mo ní, "Òun ni, Màmá."

Kò pariwo. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún, ó ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní níbo ni ìgbálẹ̀ wà. Yàrá tó jẹ́ ti Lékè tẹ́lẹ̀ la ń kó àgbàdo sí, ó ní kí n kó o jáde lójú ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbá a, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri bó ṣe ń gbá a lọ. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń gbá a. Iyán tó ti ń tì í láti ọdún tó kọjá, ó jẹ ẹ́ tán nínú abọ́. Ó ń bi mí pé ṣé àwọn gandíróbà náà ń fún un lóúnjẹ tó dáa, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn wọ́dà láyé ìjọba Òkè Ọya ló ṣe ń pè wọ́n. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí i, okun o, Ìyá Lékè, ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. N kò tíì rí Màmá bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Inú mi dùn, mo sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá wọn gbà pé kí n bá a sọ̀rọ̀ lóko. Mo mú ọkọ́ mi dání. Mo súnmọ́ ọn, mo pè é ní Ẹ̀gbọ́n Lékè. Ó wò mí pẹ́, lẹ́yìn náà ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo mú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Mo kọ ẹyọ kan tán, mo fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, mo fẹ́ bọ́ sórí òmíràn. Ìbàdí ń dùn mí. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti fi ẹ̀ẹ̀kẹta sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọkùnrin náà dúró. Ó wá sídìí ebè mi, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Bí àwa ará Ìjùmú ṣe ń sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ahọ́n ibòmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. (Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ni mo ń kọ sí Yorùbá ìwé níbí yìí o, iṣẹ́ tíṣà ti bà mí lọ́wọ́ jẹ́.) Mo ní ta ni ọ̀gá yín. Ó ní nínú ọgbà, Andrew ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n nílé rẹ̀, Ọlọ́runlékè ló ń jẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìyókù, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Inú yàrá kan náà làwọn méjèèjì wà. Lékè ló kọ́ ọ ní èdè wa, òun ló kọ́ ọ ní ebè. Lékè kò sọ ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n, òun náà kò bi í. Orúkọ mìíràn ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, kí ìtìjú má baà dé Iffe, ó ní kí ìyá òun máa rò pé òun ń wakọ̀ káàkiri. Mo rántí pé mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà yìí kan náà ní ọdún 2009, mo dárúkọ Ọlọ́runlékè, wọ́n ní kò sí. Lékè wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Bóyá oko ló wà, tó ń kọ ebè. Mo fẹ́ máa bú u, mo fẹ́ máa sunkún, kò sí èyí tó jáde nínú méjèèjì.

Mo ní níbo ló wà. Ọkùnrin náà mú mi lọ sí ìpẹ̀kun oko, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ẹbí wọn kò wá. Àwọn sàréè yòókù ti tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko ti bò wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ló ga, wọ́n kọ ọ́ bí ebè, ìhà kan rẹ̀ sì ti le nítorí ọkọ́ tí wọ́n fi ń gbá a. Ó ní ọdún mọ́kànlá rè é. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, òun á wá tún un kọ. Mo bi í pé orúkọ tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú, òun ti fi í sílẹ̀ fún wọn.

Mo dúró níbẹ̀, mo ń ronú Màmá àti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣe ohun tí mo ṣe nìyí. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ní Ọjọ́bọ̀, èmi á sọ fún adájọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, á bá wa lọ sílé, á sì máa gbé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá wa kò ríran dáadáa mọ́. N kò béèrè ju ohun tó ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá lọ, kó ṣáà ti dákẹ́. Kò dá mi lóhùn, mo sì gbà pé ó ti gbà.

Nígbà tí mo délé, Màmá ní, "Ṣé ó béèrè mi?" Mo ní ó béèrè rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá kò gbà kí n lọ nìkan. A háyà mọ́tò, mo sì dì í mú wọ gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà náà, níbi tí adájọ́ jókòó sí pẹ̀lú àwọn akọ̀wé. Obìnrin ni adájọ́ náà, ó dà bí ẹni tó ti rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Wọ́n pe èyí, wọ́n pe tọ̀hún. Nígbà tó yá, akọ̀wé ní "Ẹni tí a kò mọ̀," ọkùnrin náà sì dìde. Adájọ́ ní ta ló dúró fún un. Mo dìde, mo búra, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, Ọlọ́runlékè lorúkọ rẹ̀. Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní ọmọ òun ni.

Wọ́n ti sọ fún adájọ́ pé kò lè fọhùn. Ó kàn béèrè nítorí pé ó yẹ kó béèrè ni. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Ọlọ́runlékè?"

Ọkùnrin náà wo Màmá. Ó ní, "Rárá. Ọlọ́runlékè kú. Èmi ni mo sin ín."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Testimony fọwọ́ bo ẹnu, àwọn wọ́dà ń wo ara wọn pé Bàbá Odi ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí n wá ṣàlàyé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó bínú. Ó ní òun lè tì mí mọ́lé fún ìbúra èké, ó ní arúgbó ìyá mi nìkan lòun ń wò. Ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó ní kí wá ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin náà ti padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Adájọ́ ní òun kò lè kọ ìwé ìdásílẹ̀ fún ẹni tí kò lórúkọ tí kò sì lẹ́bí, ó nawọ́ sí ìwé tó kàn.

Màmá ti dìde. Mo fẹ́ dì í mú, ó ti ọwọ́ mi kúrò. Ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ síbi tó ti gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé o gbẹ́lẹ̀ náà jìn?"

"Mo gbẹ́ ẹ jìn, Màmá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan."

Màmá rọra mi orí. Lẹ́yìn náà, adájọ́ ló kọjú sí. Ó ní, "Ìyá mi, orúkọ lẹ̀ ń wá. Èmi ní orúkọ kan nílé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi pè é, ènìyàn kò jẹ́ mi. Èyí ni ènìyàn, orúkọ ni kò ní. Ẹ fún mi, kí n máa mú un lọ."

Adájọ́ kọ̀wé, ó pẹ́ tó fi ń kọ ọ́. N kò mọ ohun tó fi dí ibi tó yẹ kí orúkọ wà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n mú tàdáwà wá, Màmá tẹ ìka rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ "ìyá" sí, akọ̀wé sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Bí a ṣe ń bọ̀, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, Màmá àti ọkùnrin náà wà lẹ́yìn. A kọjá Kábà. Mo rò pé ẹkún ni Màmá ń sun, mo wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Lájídé," ó ní, "ọjọ́ wo lo mọ̀?"

Mo ní Ọjọ́ Ajé.

"Láti Ọjọ́ Ajé," ó ní, "mo ń gbálẹ̀ fún òkú. O jókòó, o ń wò mí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ìyẹn fún un.